Imú Ìjọba

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá gbé ọmọ dání kó gbé e sílẹ̀, ẹni tó bá ń jẹun kó gbé òkèlè ẹnu rẹ̀ mì, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí, kò yẹ kí oúnjẹ wà lọ́fun ẹni nígbà tí a bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró Dàwódù. Òun ni wolé-wolé àgbà fún Agége àti gbogbo ọ̀nà tó já sí Ìkẹjà, ní àkókò tí katakata ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la igbó Ìkẹjà kí wọ́n lè kọ́ ilé-iṣẹ́ síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ wolé-wolé. Òun ni ìjọba máa ń rán wá sílé yín láti wo ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, láti wo ṣáláńgá, láti wo abẹ́ ibùsùn. Iṣẹ́ gidi ni, ọ̀pọ̀ ọmọ ni iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ ikú. Mi ò bá iṣẹ́ wí. Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ.

Dàwódù kì í rìn bí ẹ̀yin àti èmi. Ṣòkòtò kakí rẹ̀ gba sítáàṣì débi pé ó lè dá dúró láìsí ẹsẹ̀ nínú. Àkẹtẹ̀ ìjọba funfun wà lórí rẹ̀, bàtà dúdú tí kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, nítorí ẹnì kan ti sọ fún un pé àwọn ọ̀gá ńlá kì í ní ẹsẹ̀ gbàǹgbà. Sànní, mẹ́séńjà rẹ̀, ló máa ń ṣáájú pẹ̀lú agogo, tí á máa kígbe pé kí gbogbo ayé yà lọ́nà, Imú Ìjọba ń bọ̀.

Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó sọ ọ́ ní Imú Ìjọba. Òun ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ojú ṣeé tàn, nítorí bí àwọn ènìyàn bá ti gbọ́ agogo ni wọ́n ń sáré gbálẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìgbálẹ̀ tó lè gbá òórùn. Nítorí náà, bó bá ti wọlé, gbogbo ará ilé á tò, wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì, Dàwódù á sì bẹ̀rẹ̀ láti máa gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ṣe tán, Sànní á lu agogo, á ní, "Imú ti gbọ́." Àwọn ará ilé á sì dáhùn pé, "Kí imú pẹ́ fún wa, sà." Ẹni tí kò bá dáhùn dáadáa, wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ ń rùn.

Ohun kan ṣoṣo ni imú náà fẹ́ràn láyé, ìyẹn ni kabólíìkì, omi funfun tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ọsibítù. Dàwódù á rẹ hánkáṣííìfù rẹ̀ sínú kabólíìkì láàárọ̀, á sì fi dí imú bó bá ń lọ láti ilé kan sí òmíràn. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, kabólíìkì ló ń fà símú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ẹ ó rí ohun tó máa dà.

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí iyán ọ̀sán ti jókòó dáadáa nínú rẹ̀, èrò kan sọ sí i lórí. Ó ní kí wọ́n gbé tábìlì síwájú ibùdókọ̀ ojú irin Agége, kí Sànní sì lu agogo jọ àwọn ènìyàn. Àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì wá pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ páànù wá, àwọn tó fẹ́ wọkọ̀ ojú irin náà dúró. Dàwódù gun orí tábìlì.

"Ẹ̀yin ará Agége," ó ní, "ẹ̀yin tí ẹ ní oríire láti máa gbé lábẹ́ imú mi. Mo ti ronú, ìrònú náà sì ti rẹ̀ mí. Kí ni ewé? Ewé ni igbó. Kí ni igbó? Igbó ni ilé eku. Kí ni eku ń gbé kiri? Àjàkálẹ̀ àrùn. Nítorí náà, ẹni tó bá gbin efinrin sẹ́yìnkùlé, àjàkálẹ̀ àrùn ló gbìn, tó sì ń bomi rin."

Sànní lu agogo, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Agogo ló máa ń sọ ìgbà tí wọ́n máa pàtẹ́wọ́.

Bàbá kan tó ń ṣe búrẹ́dì nawọ́ sókè. "Ẹ̀fọ́ ńkọ́, sà?"

"Ẹ̀fọ́ tó ti dénú ìkòkò ti bọ́ lọ́wọ́ jíjẹ́ ewé. Èyí tó bá ń ta sánsán, tí ẹ sì ń fi fọ egbò àti ilé, òun ni mo ń bá wí. Láti òní lọ, kabólíìkì ìjọba nìkan ló gbọ́dọ̀ pa kòkòrò ní Agége. Kòkòrò tí kò bá tipa kabólíìkì kú, kò kú lábẹ́ òfin. Ẹni tí mo bá gbóòórùn ewé lọ́wọ́ rẹ̀, gọ́tà ọjà ni yóò fi ọwọ́ náà fọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Kó sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, kó máa lọ sílé, kò ṣe é. Àtẹ́wọ́ ti dùn mọ́ ọn. Ó nàka sí ọ̀nà ilé ara rẹ̀. "Ilé mi ni Ilé Àpẹẹrẹ," ó ní. "Bí ẹnikẹ́ni bá rí ewé kan lágbàlá mi, èmi Olúgbénró ọmọ Dàwódù yóò bọ́ àkẹtẹ̀ ìjọba sílẹ̀, n ó sì fi ọwọ́ ara mi fọ gọ́tà yẹn níṣojú gbogbo yín." Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ẹ mọ ibi tí wọ́n ń kó ọ̀ràn bá.

Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, kí a lọ sí ẹ̀yìn ojú irin, níbi tí Sùlíyá ń gbé. Opó ni Sùlíyá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ń bá réluwéè ṣiṣẹ́. Yàrá kan àti ẹ̀yìnkùlé ló háyà, ẹ̀yìnkùlé náà ló sì fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Efinrin wà níbẹ̀, koríko ọba wà níbẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, igi dongoyárò kan tí ọkọ rẹ̀ gbìn ní ọdún tí wọ́n dé Agége sì na ọwọ́ bo gbogbo rẹ̀. Sùlíyá á gún efinrin pẹ̀lú koríko ọba, á rẹ ẹ́ sínú òróró àgbọn, á gbé ìgò rẹ̀ sóòrùn títí òróró náà á fi máa ta sánsán. Ewé dongoyárò ló ń sè fi fọ ojú egbò, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń sè fi nu ilẹ̀. Páànù gé àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́, ààrò jó àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wá. Kì í sì í ṣe onínúure lásán. Ẹnu rẹ̀ mú. Bí egbò bá jìn, á lé onítọ̀hún lọ sí ọsibítù, á ní òun ò fẹ́ òkú lágbàlá òun.

Làsísì, ọmọ ilé páànù kan, ló wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tí agogo Sànní dún lẹ́nu ọ̀nà. Sùlíyá ń fọ ọgbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́, Dàwódù ti dé ẹ̀yìnkùlé.

Ó mú hánkáṣííìfù kúrò nímú. Ó fa atẹ́gùn símú, ó tún fà á. Òórùn kankan ò wọlé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí ewé, ó sì fi ọwọ́ lé àyà. "Sànní, gbá mi mú," ó ní. Sànní gbá a mú.

"Kí ni èyí?"

"Efinrin ni, sà," Sùlíyá dáhùn.

"Mo mọ̀ pé efinrin ni. Mo ní, kí ló ń ṣe níbí?"

"Ó ń hù, sà."

"Ta ló fún un láṣẹ láti máa hù?"

"Òjò ni, sà. Ẹ bá mi mú un."

Làsísì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló kó bá a. Dàwódù rí ọwọ́ rẹ̀. Ó gba ìgò kabólíìkì lọ́wọ́ Sànní, kò bu omi là á, ó dà á sí ojú ọgbẹ́ náà gbuurugbu. Igbe tí ọmọkùnrin náà ké, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin gbọ́ ọ. "Ẹ ń gbọ́ bí àrùn ṣe ń sá lọ," Dàwódù ní. Ọjọ́ kejì, awọ àtẹ́lẹwọ́ Làsísì bó, kò lè di páànù mú mọ́.

Ó yíjú sí Sùlíyá. "Sátidé tó ń bọ̀, Dókítà Àgbà fún Ìlera ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá wo iṣẹ́ mi. Kó tó di ọjọ́ náà, fa gbogbo koríko wọ̀nyí tu. Igi yẹn, má fọwọ́ kàn án. Èmi fúnra mi ni n ó fi àáké gé e níwájú Dókítà, a ó so rìbọ́ọ̀nù mọ́ àáké náà. Mo sì ti bá onílé rẹ sọ̀rọ̀. Bí igi bá ti wó, kí ìwọ náà kó ẹrù rẹ."

Ilé yẹn ni gbogbo ohun tí Sùlíyá ní. Ó ti pẹ́ tó ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, ta ni yóò sọ pé òun ń padà lọ bá? Ó dúró títí agogo fi jìnnà, ó wá jókòó sídìí igi náà, ó sunkún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ìyàwó Dàwódù, Adébísọ́lá, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n ti wá ọmọ náà títí, kí Ọlọ́run tó dá wọn lóhùn. Ìyá Adébísọ́lá sì ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá láti wá wẹ ọmọ, gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe ń ṣe. Ìyá Bísọ́lá ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ tó ní òun ò ṣe.

Dàwódù tí gbogbo Agége ń bẹ̀rù, bó ti rí àna rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Sítáàṣì inú ṣòkòtò rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí a ń ṣẹ́ igi. Ẹ má dá a lẹ́bi o. Ọkùnrin tí kò lè dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, ṣé ọkùnrin nìyẹn?

"Ẹ dìde, ọkọ mi," Ìyá Bísọ́lá ní. "Àmọ́ mo ní ọ̀rọ̀ kan. Láti òní títí ọmọ á fi pé ogójì ọjọ́, ẹ má yọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ni mo ti ń wẹ ọmọ àti ìyá rẹ̀. Kò yẹ kí a jọ máa wo ojú ara wa níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ó wo ẹrù ìyá náà: àdín, òrí, ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn. Kò rí ewé kan. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó wọ bàtà tí ń pa á lẹ́sẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ewé tí Ìyá Bísọ́lá ò gbé wá, ó rò pé òun á rí i rà lọ́jà ni. Ó wọ ọjà Agége, ó béèrè efinrin, gbogbo ẹni tó bi ń wo ọ̀tún wo òsì bí ẹni tí wọ́n ní kó ta igbó. Níkẹyìn, ẹnì kan tọ́ka ẹ̀yìn ojú irin fún un. Ó bá Sùlíyá níbi tó ti di ọkọ́ mú, tí kò sì lè ro nǹkan kan.

"Ìyá, efinrin ni mo ń wá. Ọmọ mi bímọ."

"Ẹ kú ewu ọmọ, Mà. Ẹ máa ká a. Ẹ ká gbogbo ẹ̀. Lọ́la ni mo máa fà á tu."

"Kí ló ṣe?"

"Wolé-wolé ni."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tí bàtà ń pa lẹ́sẹ̀."

Ìyá Bísọ́lá gbé agbọ̀n ọjà rẹ̀ sílẹ̀. "Ọkọ ọmọ mi nìyẹn," ó ní.

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Sùlíyá. Ó kúnlẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ó ní òun ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ń mì í láti inú wá. Ó fà á dìde, ó jókòó tì í, ó ní kó sọ gbogbo rẹ̀ fún òun. Sùlíyá sọ ọ́, ó sọ ti Làsísì, ó sọ ti igi, ó sọ ti ilé. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ ni ẹ̀rín ń kúrò lójú ìyá náà.

"Ó ní kó o fà á tu," ó ní. "Ṣé ó ní kó o má gbìn ín síbòmíì?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni wolé-wolé ò ní wọ̀?"

"Ìwọ ni mo bi. Ilé wo ní Agége ni wolé-wolé ò ní yẹ̀ wò?"

Sùlíyá ronú. Ó gbé ojú sókè. "Ilé wolé-wolé."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí Dàwódù wà ní ọ́fíìsì tó ń kọ́ bí òun á ṣe tẹríba fún Dókítà, Làsísì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilé páànù ru abọ́ dé ẹ̀yìnkùlé Ilé Àpẹẹrẹ. Wọ́n ti hú efinrin tiyẹ̀pẹ̀-tiyẹ̀pẹ̀ lọ́dọ̀ Sùlíyá, wọ́n gbìn ín síbẹ̀. Wọ́n gbin koríko ọba sí ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀. Wọ́n so ẹ̀ka dongoyárò mọ́ okùn ìsáṣọ. Ohun tí Ìyá Bísọ́lá ń fẹ́ ti délé, òróró Sùlíyá sì wà lórí fèrèsé. Ó ń fi omi ewé wẹ ọmọ láàárọ̀ lálẹ́, ó ń fi òróró náà pa ọwọ́ ara rẹ̀ kó tó gbé e, ilé sì ń ta sánsán débi pé àwọn tó ń kọjá níta ń dẹ ẹsẹ̀.

Dàwódù tó ni ilé nìkan ni kò gbọ́ òórùn náà. Imú rẹ̀ ti kú tipẹ́. Kabólíìkì ti pa á.

Sànní gbọ́ o. Ó dé ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró. "Sà," ó ní, "ó dà bíi pé mo ń gbóòórùn efinrin."

"Níbo?"

"Nílé yín, sà."

"Sànní, imú ta ni Imú Ìjọba?"

"Tiyín ni, sà."

"Kí ni imú mi gbọ́?"

"Kabólíìkì, sà."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

Sànní fa atẹ́gùn símú. Efinrin wọlé, koríko ọba tẹ̀ lé e. "Kabólíìkì gidi ni, sà," ó ní.

Ẹsẹ̀ Dàwódù ló tún kù. Bàtà ti bó o ní gìgísẹ̀, ọgbẹ́ náà ti ń ṣe ọyún. Ó ti da kabólíìkì sí i, ó ti fi aṣọ ìrọ̀rí dí ẹnu kí ìyàwó rẹ̀ má baà gbọ́ igbe. Ìyá Bísọ́lá rí bó ṣe ń tiro. Lálẹ́, ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú páálọ̀, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ ti ẹsẹ̀ bọ omi yìí." Kò sọ ohun tó wà nínú omi. Ọkùnrin náà ò béèrè, a kì í bi àna ní ìbéèrè ọlọ́pàá. Ìyá Bísọ́lá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́, ó ń fi òróró pa á, ó ń fi aṣọ dì í. Ọgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Dàwódù sọ ní ọ́fíìsì pé ẹ wá wo iṣẹ́ kabólíìkì.

Sátidé pé. Gbogbo Agége jáde, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé àwọn búrẹ́dì nìkan ló kù nílé. Àáké onírìbọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Sùlíyá ti di ẹrù rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró láàárín èrò, ojú rẹ̀ wú. Ìyá Bísọ́lá ti ní kó má bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ta ni kò ní bẹ̀rù?

Dókítà Fọlárìn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aṣọ rẹ̀ rún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Dàwódù bá a sọ̀rọ̀ títí ọkọ̀ ojú irin fi lọ tí òmíràn fi dé. Ó pè é ní Oòrùn Ìbàdàn. Ó pè é ní Ọ̀tá Gbogbo Ikọ́. Ó ní Agége ti mọ́ débi pé kòkòrò tó bá fẹ́ kọjá láti Ìfàkọ̀ lọ sí Ìkẹjà, ẹ̀yìn ìlú ló ń gbà. Dókítà wo aago rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká wo ilé tí ẹ sọ," ó ní.

Wọ́n dé Ilé Àpẹẹrẹ. Dàwódù dúró lójú ọ̀nà, ó na apá. "Ilé tí ewé kò dé rí," ó ní. Sànní lu agogo, wọ́n pàtẹ́wọ́. Dókítà kò tilẹ̀ wo páálọ̀. "Ẹ̀yìnkùlé ni mo fẹ́ rí," ó ní. "Ibẹ̀ ni ilé ti ń sọ òótọ́."

Òógùn bo Dàwódù. Àna rẹ̀ ti ní kó má yọjú síbẹ̀. Ṣé kó sọ fún Oòrùn Ìbàdàn pé ìyá ìyàwó òun ò gbà? Ó ṣílẹ̀kùn.

Efinrin dé ìbàdí. Koríko ọba ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹ̀ka dongoyárò rọ̀ sórí okùn bí aṣọ ọdún, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ sì wà nínú ìkòkò tó ń hó. Láàárín gbogbo rẹ̀, Ìyá Bísọ́lá jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ lé e, ó ń wẹ̀ ẹ́.

"Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ẹ̀yin àlejò, ẹ káàbọ̀."

Èrò ti kún ẹnu ọ̀nà títí dé páálọ̀. Gbogbo ojú wà lára Dàwódù. Bí kò bá dọ̀bálẹ̀, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni títí ayé. Bó bá dọ̀bálẹ̀, omi ìwẹ̀ ọmọ ti sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé borí. Ó dọ̀bálẹ̀. Àkẹtẹ̀ ìjọba yí gbirigbiri wọ inú efinrin. Bàtà tó fún un pọ̀ já kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, aṣọ tí wọ́n fi di gìgísẹ̀ tú, ewé efinrin tútù kan sì wà níbẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ Imú Ìjọba.

Sànní, ẹni tí iṣẹ́ ti mọ́ lára, lu agogo. "Imú ti gbọ́," ó ní.

"Kí imú pẹ́ fún wa, sà," gbogbo Agége dáhùn. Ẹ̀rín wá bẹ́.

"Ọ̀tá ló kó o wá," Dàwódù ń sọ látinú ẹrẹ̀. "Ọ̀tá ìjọba ló gbìn ín."

"Èmi ni mo gbìn ín," Ìyá Bísọ́lá ní, ó ń da omi sí ọmọ lẹ́yìn. "Ẹ̀yin náà, ọkọ mi, òun lẹ fi ń fẹsẹ̀ rìn."

Dókítà Fọlárìn bẹ̀rẹ̀, ó já ewé kan, ó fi ọwọ́ ra á, ó gbóòórùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Bàbá mi máa ń fi nu tábìlì tí wọ́n ti ń dábẹ́," ó ní. "Ọ̀gbẹ́ni Dàwódù, òfin wo ló ní kí a fà á tu? Èmi ni wọ́n ń kó òfin ìlera wá fún, mi ò rí i níbẹ̀."

"Òfin náà," Dàwódù ní, "imú ni, sà."

Nígbà yẹn ni Làsísì jáde láàárín èrò, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti bó. Ó ní òun ò tíì lè di páànù mú. Dókítà mú ọwọ́ náà, ó wò ó pẹ́. Ohùn rẹ̀ yí padà.

"Ta ló da kabólíìkì tí kò bu omi là sójú ọgbẹ́?"

Gbogbo èrò nàka sí Dàwódù. Dókítà wọ inú efinrin, ó mú àkẹtẹ̀ ìjọba, ó fi í sí abíyá ara rẹ̀. "Ẹ ò ní nílò èyí mọ́," ó ní. Ó ní kí Làsísì bá òun lọ sí ọsibítù. Ó wá béèrè olóko ewé, wọ́n ti Sùlíyá síwájú. "Ìyá, ẹ máa se omi yín kó hó dáadáa," ó ní, "egbò tó bá sì jìn, ẹ jẹ́ kó wá bá wa."

"Ohun tí mo ń sọ fún wọn nìyẹn," Sùlíyá ní. "Igi mi ńkọ́?"

"Igi wo?"

Ọmọkùnrin tó di àáké mú gbé e pamọ́ sẹ́yìn. Onílé Sùlíyá, tó wà láàárín èrò, ti ń sáré lọ gbé ẹrù rẹ̀ padà sínú yàrá kó tó délé.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Sànní ni láti mọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ sórí. Ó tún ọ̀fun ṣe, ó kà á láìfo ọ̀rọ̀ kan: ewé kan lágbàlá mi, èmi Olúgbénró ọmọ Dàwódù, gọ́tà yẹn, níṣojú gbogbo yín. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì lé ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. Dàwódù wo àna rẹ̀ bóyá ó máa gbà á sílẹ̀.

"Ọkọ mi," Ìyá Bísọ́lá ní, "ẹni sọ̀rọ̀ ló ni ín. Ẹ bọ́ ṣòkòtò sítáàṣì yẹn kí ẹ tó lọ."

Ó fọ gọ́tà náà o. Mi ò parọ́ fún yín, ó fọ̀ ọ́ dáadáa, àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ń bá a da omi, àwọn ọmọdé ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń há igun. Sànní ń lu agogo. Nígbà tó dé ìdajì, páànù kan tó rì sínú ẹrẹ̀ gé e lọ́wọ́. Ó ń fọ̀ ọ́ lọ.

Ibi tí gọ́tà náà parí sí, ẹ̀yìn ojú irin ni, lábẹ́ igi dongoyárò. Sùlíyá jókòó níbẹ̀, omi gbígbóná àti ìgò òróró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí ẹ̀jẹ̀. Dàwódù dúró níwájú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, láìsí àkẹtẹ̀, láìsí bàtà, kò mọ ibi tó máa wò.

"Ẹ na ọwọ́ yín, sà," Sùlíyá ní.

Ó nà án. Méjèèjì. Sùlíyá tẹ orí ba, ó gbóòórùn ọ̀tún, ó gbóòórùn òsì, kò kánjú rárá. Sànní pàápàá gbàgbé agogo.

"Imú ti gbọ́," Sùlíyá ní. Ó fa àpótí sún mọ́ ọn. "Ẹ jókòó kí n fọ̀ ọ́ fún yín."